Ínńṣì Mẹ́rin Tí Bàbá Téèpù Ká Sínú Ṣòkòtò

Ohun tí gbogbo àdúgbò Ìsìkàn ní Àkúrẹ́ kọ́kọ́ máa ń sọ bí wọ́n bá dárúkọ olóògbé Reuben Adépọ̀jù, télọ̀, ni ti ọjọ́ Ìsinmi tó so téèpù mọ́ ọrùn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kì í ṣe pé ó gbàgbé e síbẹ̀ o. Agbádá funfun ló wọ̀, ó dé fìlà, ó gbé Bíbélì sábíyá, ó wá fi téèpù tó fi ń wọn aṣọ kọ́ ọrùn, apá méjèèjì ń ṣe wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ láyà rẹ̀.

Bàbá Ìjọ, Alàgbà Olúwọlé, ló dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá Tiwaladé, ẹ ti gbàgbé téèpù sọ́rùn."

"Mi ò gbàgbé e."

"Kí ló wá ń ṣe níbẹ̀?"

"Alùfáà ló kà á fún wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìwé Òwe, orí kẹta. Wọ́n ní kí á má ṣe jẹ́ kí àánú àti òtítọ́ fi wá sílẹ̀, kí á so wọ́n mọ́ ọrùn wa. Mo délé, mo wo gbogbo ẹrù mi, èyí nìkan ló ṣeé so mọ́ ọrùn." Ó gbé apá kan téèpù sókè. "Òtítọ́ rèé." Ó gbé èkejì. "Àánú nìyí."

"Òwe ni Sólómọ́nì ń pa! Inú ọkàn ni wọ́n ń so ó mọ́."

"Bó bá wà nínú ọkàn, ta ló máa rí i?"

Àwọn èèyàn tó ń wọlé ti dúró, wọ́n ń wòran. Inú bí Alàgbà Olúwọlé. Ó na apá méjèèjì bí ẹni tí ọlọ́pàá fẹ́ tú àpò rẹ̀. "Ó dáa, ẹ fi òtítọ́ tí ẹ gbé kọ́rùn yẹn wọ̀n mí ká wò ó!"

Háà! Ọ̀rọ̀ tí ì bá má ti sọ nìyẹn. Kó tó pa ẹnu dé, téèpù ti yí ìbàdí rẹ̀ ká, Bàbá ti fà á ṣinṣin, ó sì ké e síta bó ṣe máa ń ké e ní ṣọ́ọ̀bù: "Ìbàdí, ínńṣì mẹ́rìndínláàádọ́ta! Kérésì tó kọjá, méjìlélógójì!"

Ẹ rántí pé ọdún Sáàpù nìyẹn o, 1988, ọdún tí búrẹ́dì di oúnjẹ olówó, tí gbogbo ìlú ń gbé ṣòkòtò lọ fún télọ̀ pé kó bá àwọn gé e kù. Gbogbo ìjọ ló ń rù, Bàbá Ìjọ nìkan ló ń sanra. Ẹ̀rín bú sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì débi pé àwọn akọrin gbàgbé orin ìwọlé. Ìyàwó Alàgbà gan-an fi gèlè bojú.

Àmọ́ Reuben ti sún mọ́ ọn létí. "Ẹ má wò wọ́n. Nígbà tí mo rán ṣòkòtò yín, mo ká ínńṣì mẹ́rin sínú. Ẹ gbé e wá lọ́la, n ó tú u fún yín lọ́fẹ̀ẹ́." Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Bàbá Ìjọ ń mí dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mẹ́fà, kò sì tún bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan nípa téèpù mọ́.

Ẹ̀sìn rẹ̀ nìyẹn ní ṣókí. Ínńṣì tí o bá wọ̀n, bó ṣe jẹ́ ni kí o pè é: òtítọ́ nìyẹn. Ínńṣì tí o ká pamọ́ sínú ojú rírán, tí ẹni náà kò béèrè, tó máa wúlò fún un lọ́jọ́ iwájú: àánú nìyẹn. Ó ní ẹni tó bá ní ọ̀kan tí kò ní èkejì, ìhòòhò ló wà.

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pè é ní Bàbá Téèpù. Ó wá ní kí akọ̀wé pátákó kan kọ ẹsẹ Bíbélì náà sí iwájú ṣọ́ọ̀bù òun. Akọ̀wé náà kọ ọ́ gàdàgbà, kò fi àmì kankan sí i: SO WON MO ORUN RE. Wàhálà dé. Ẹnìkan ka ọrùn, ẹnìkan ka oòrùn, ó bi í bóyá ó ti ń bá àwọn èèyàn sá aṣọ. Ọkùnrin kan tiẹ̀ wá láti ọ̀nà Oda pẹ̀lú ojú tó ti wú, ó ní pósí lòun wá rà fún ìyá òun, pé òun rí i lára pátákó pé nǹkan ọ̀run ni wọ́n ń tà níbí.

Bàbá Téèpù kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "A kì í ta pósí níbí, ọmọ mi, pátákó mi ló ṣì ọ́ lọ́nà. Àmọ́ aṣọ wo ni màmá máa wọ̀ lọ?" Ọkùnrin náà bú sẹ́kún, kò tíì ronú débẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, Bàbá ti rán bùbá àti ìró funfun fún òkú tí kò mọ̀ rí, kò gba nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n ní kó lọ tún pátákó rẹ̀ kọ, ó kọ̀. Ó ní, "Ọrùn la ní báyìí, ọ̀run là ń lọ. Èyí tó wù kí wọ́n kà nínú méjèèjì, wọn ò ṣì í kà."

Gbogbo èyí dùn ún gbọ́ fún ẹni tí kò bá a gbélé. Ẹ wá lọ bi ìyàwó rẹ̀, Oyèbọ́lá, ọmọ Oǹdó tó fẹ́ ọkọ wá sí Àkúrẹ́, bóyá ó dùn.

Ẹ̀yin náà mọ iṣẹ́ télọ̀. Bí télọ̀ bá ní kí o wá gba aṣọ rẹ ní Sátidé, kò sọ Sátidé wo. Bàbá Téèpù kò lè ṣe ìyẹn. Obìnrin kan gbé léèsì wá ní ọjọ́ Ajé, ó fẹ́ ẹ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. "Kò ní í ṣeé ṣe, ìyá. Ọjọ́ kejìlélógún oṣù." Obìnrin náà gbé ẹrù rẹ̀, ó sọdá sọ́dọ̀ Olúgbénga, télọ̀ tó wà ní òdìkejì títì. Olúgbénga ní, "Sátidé kẹ̀! Fúráìdeè gan-an ẹ ti lè wá." Lójú Oyèbọ́lá báyìí ni oníbàárà ṣe ń sọdá títì lọ. Àwọn àgbà sọ ọ́: òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra irọ́.

Sátidé dé, léèsì ní apá kan ṣoṣo. Obìnrin náà ń pariwo ní òdìkejì, ó di Olúgbénga lọ́rùn mú. Oyèbọ́lá jókòó, ó ní òun fẹ́ gbádùn ara òun. Àfi bí ọkọ rẹ̀ ṣe mú abẹ́rẹ́, ó sọdá, ó jókòó ti Olúgbénga, àwọn méjèèjì sì jọ rán apá kejì láàárín wákàtí kan.

"Ẹ wá ràn án lọ́wọ́?" Oyèbọ́lá bi í nígbà tó dé.

"Mo kọ́kọ́ sọ fún un pé òpùrọ́ ni," ó ní. "Lẹ́yìn náà ni mo ràn án lọ́wọ́."

Èyí kò dun Oyèbọ́lá tó ti ọmọ rẹ̀. Tiwaladé nìkan ni wọ́n bí. Olùkọ́ ni, ó lẹ́wà, ó níwà, àmọ́ ẹ jẹ́ ká sòótọ́, kò mọ ọbẹ̀ sè. Ọkùnrin kan wá fẹ́ ẹ lọ́dún kan, ó mú ìyá rẹ̀ wá mọlé. Ìyá náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Mo mọ̀ pé ìyàwó wa á mọ oúnjẹ sè dáadáa." Ohun tí gbogbo òbí ń dáhùn níbẹ̀ yé gbogbo ayé. Bàbá Téèpù ní, "Rárá o. Ọbẹ̀ rẹ̀ kò dára. Ṣùgbọ́n ó ń kọ́ ọ, ẹ ṣe sùúrù fún un." Ìyá náà dìde, ó ní àwọn ń bọ̀. Títí di òní, wọn ò tíì padà dé.

Oyèbọ́lá sunkún fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọmọ rẹ̀ ti di ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, irú ọkùnrin gidi bẹ́ẹ̀ kì í sì í wá lójoojúmọ́. Nígbà tí Akíntúndé wá yọjú, ọmọ Oǹdó, akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ ìlagi, tó wá láti àdúgbò tí wọ́n ti bí ìyá ìyàwó gan-an, Oyèbọ́lá kúnlẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Tiwaladé, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Èyí kò gbọdọ̀ bọ́. Bó bá bọ́, ẹ̀yin lẹ máa máa bá a gbélé títí ó fi máa hewú."

"Ṣé kí n wá máa purọ́?" Ọmọ Àkúrẹ́ ni, bí inú rẹ̀ bá ti ru, èdè ilé ló ń sọ. "Urọ́ kẹ̀! Èmi!"

"Mi ò ní kí ẹ purọ́. Ẹ sá dákẹ́. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ ṣèlérí pé ẹ ò ní sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni nípa ìgbéyàwó yìí."

Ó wò ó títí. Ó rí omi lójú rẹ̀. "Mo ṣèlérí," ó ní.

Lọ́jọ́ ìdána, Oyèbọ́lá kò gbára lé ìlérí nìkan. Ó kó orógbó sí àpò ọkọ rẹ̀, ó ní bí wọ́n bá ti bi í ní ìbéèrè, kó ju ọ̀kan sẹ́nu. Àbúrò bàbá Akíntúndé, Olóyè Ọlọ́runníyì, tó jẹ́ olórí ẹbí, bi í pé, "Àna wa, kí lẹ rí sí ọ̀rọ̀ wọn?" Orógbó. "Ọmọ yín ò ní wàhálà kankan, àbí?" Orógbó. Mẹ́sàn-án ló jẹ lọ́jọ́ yẹn, ẹnu rẹ̀ korò fún ọjọ́ méjì. Nígbà tí àwọn ará Oǹdó ń padà lọ, wọ́n ń sọ lójú ọ̀nà pé, "Bàbá ìyàwó yìí, àgbà gidi ni. Kì í sọ̀rọ̀ ṣákálá." Inú Oyèbọ́lá dùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó délé.

Ọjọ́ ìdána yẹn náà ni Bàbá Téèpù fi téèpù wọn Akíntúndé fún kóòtù àti ṣòkòtò ìgbéyàwó. Ìbàdí, ínńṣì mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìgbéyàwó wáyé, Akíntúndé wá láti Oǹdó wá dán kóòtù náà wò. Oyèbọ́lá wà lẹ́yìn kọ́tìnnì ṣọ́ọ̀bù, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó gbọ́ ìkíni, "Ẹ kú iṣẹ́, sà." Ó gbọ́ tí ọmọ náà wọ ṣòkòtò. Ó wá gbọ́ pọ̀ọ̀, bí ìgbà tí aṣọ bá já bọ́ sílẹ̀. Ó yọjú. Ṣòkòtò ìgbéyàwó wà ní ọrùn ẹsẹ̀ ọkọ ìyàwó.

Bàbá Téèpù yọ téèpù. Ó wọ̀n ọ́n. Ó tún un wọ̀n. Kò pariwo iye rẹ̀. Oyèbọ́lá, tí kò tíì rí ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ wọn èèyàn láìpariwo, mọ̀ pé nǹkan ti ṣe.

"Ọgbọ̀n," ó ní jẹ́jẹ́. "Akíntúndé, oṣù mẹ́ta péré. Ínńṣì mẹ́rin dà?"

"Ààwẹ̀ ni, sà. Mo ń gba ààwẹ̀ nítorí ìgbéyàwó."

"Èmi náà ń gba ààwẹ̀. Ààwẹ̀ kì í mú ínńṣì mẹ́rin. Ebi ló ń mú ínńṣì mẹ́rin."

Ọmọ náà wò ó, ó wo ilẹ̀, ó sì jókòó sórí àpótí, ṣòkòtò ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó jẹ́wọ́. Ilé iṣẹ́ ìlagi ti dá àwọn mẹ́rìnlélógún dúró lọ́sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìdána. Olóyè Ọlọ́runníyì ló ní kó má sọ, pé kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìgbéyàwó ná, pé bí ìyàwó bá ti wọlé, kò ní lè jáde mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ló ń jẹun.

Oyèbọ́lá ti fi ẹ̀wà sílẹ̀, ó ti jáde láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì. "Bàbá Tiwaladé! Ẹ rántí ìlérí yín o! Ẹ jẹ́ ká ṣe ìgbéyàwó yìí ná. Iṣẹ́ ń bọ̀, Ọlọ́run á ṣe é. Ẹ mú orógbó! Ẹ mú orógbó!"

"Mo rántí," ọkọ rẹ̀ ní. "Mo ní mi ò ní sọ̀rọ̀, mi ò sì ní sọ ọ́." Ó kọjú sí Akíntúndé. "Ìwọ ni wàá sọ ọ́. Tiwaladé wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń sá ìwé àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀ tí òjò pa. Lọ bá a."

"Bó bá kọ̀ mí ńkọ́, sà?"

"A jẹ́ pé ó kọ̀ ọ́ pẹ̀lú òtítọ́. Ìyẹn sàn ju kó fẹ́ ẹni tí kò mọ̀ lọ. Àmọ́ gbọ́, kó o tó lọ." Ó tẹ̀ ba, ó fa ṣòkòtò sókè fún un bí ẹni ń wọṣọ fún ọmọ kékeré, ó fi píìnì mú un níbàdí. "N ò ní gé aṣọ yìí. N ó ká ínńṣì mẹ́rin sínú, kò ní hàn. Ebi kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ọmọ mi. Máa lọ."

Ọmọ náà lọ. Oyèbọ́lá jókòó sórí àpótí tí ọmọ náà dìde kúrò lórí rẹ̀. Ayé òun ti bàjẹ́, ohun tó ń rò nìyẹn. Ó gbọ́ ohùn Akíntúndé ní ẹ̀yìnkùlé, tó rọra ń sọ̀rọ̀, tó ń dúró, tó tún ń sọ̀rọ̀. Ó wo ọkọ rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ fi ìgbálẹ̀ nà án. Ó wá rí i pé ọkọ òun ń fi òwú wá ojú abẹ́rẹ́, kò rí i. Kò tíì rí ìyẹn rí. Òun ti rò pé òtítọ́ kì í ná an ní nǹkan kan.

Tiwaladé wọlé, ojú rẹ̀ pọ́n. "Bàbá, ṣé ẹ mọ̀?"

"Téèpù ló mọ̀."

"Èmi náà mọ̀," ó ní. "Mo lọ sí Oǹdó lóṣù tó kọjá, mo se ọbẹ̀ ilá. Bàbá, ó jẹ ẹ́ tán. Ó tún bù sí i! Mo mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́ pátápátá."

Oyèbọ́lá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà wá di ẹkún, ó sì di ẹ̀rín padà. Tiwaladé ní ohun tó ń dun òun kì í ṣe iṣẹ́, pé òun ń dúró kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ni, pé bí kò bá sọ ọ́ kó tó di ọjọ́ ìgbéyàwó, òun kò ní dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ìgbà yẹn ló tó yé Oyèbọ́lá. Òun tó ń fi orógbó dí ẹnu òtítọ́, òun ló kù díẹ̀ kó tú ìgbéyàwó náà ká.

Wọ́n ṣe é ní Oǹdó, láìpa màlúù. Inú Olóyè Ọlọ́runníyì kò dùn sí i rárá, nítorí ẹ mọ ará Oǹdó àti ìnáwó. Síbẹ̀, nígbà tí ọkọ ìyàwó wọ kóòtù rẹ̀ jáde, gbogbo ènìyàn ló ń hó. Olóyè dìde láàárín àwọn àna, ó fẹ́ fi ṣe fáàrí. "Ẹ wò ó bí aṣọ ṣe bá ọmọ wa mu! Bàbá Téèpù, ẹ̀yin tí ẹ kì í purọ́, ẹ sọ fún wọn, ṣé kò pé lára ọmọ wa?"

Gbogbo ojú yí sí i. Oyèbọ́lá di apá rẹ̀ mú.

Bàbá Téèpù dìde. "Ó pé," ó ní. "Àyè sì wà nínú rẹ̀ láti gbòòrò sí i. Èmi ni mo rán an, mo mọ̀." Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé àdúrà ni. Àwọn mẹ́rin péré ló mọ̀ pé ìwọ̀n ni. Lọ́dún kejì Akíntúndé ríṣẹ́ sí ilé ìwé kan, ó sì gbé ṣòkòtò náà wá sí Àkúrẹ́ pé kí wọ́n tú ínńṣì kan.

Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn ìgbéyàwó náà ni àìsàn dá Bàbá Téèpù dùbúlẹ̀. Nǹkan ṣì le, oògùn gbówó lórí, àmọ́ àlejò kò wọ́n. Bàbá Ìjọ wá, ó ní, "Ojú yín ti ń dán!" Olúgbénga wá, ó ní, "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ ó ti wà ní ṣọ́ọ̀bù." Alùfáà ní kò sí ewu. Akíntúndé, tí ikùn ti yọ, dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní ara bàbá ti mókun ju ti àná lọ. Bàbá ń dá gbogbo wọn lóhùn pé, "Ẹ ṣé o." Kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn, ìyẹn gan-an ló kọ́kọ́ dẹ́rù ba Oyèbọ́lá.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, àwọn àlejò ti lọ, ó pè é. Kò pè é ní Ìyá Tiwaladé.

"Oyèbọ́lá. Ṣé mo máa dìde nínú èyí?"

Oyèbọ́lá ti ní ìdáhùn lẹ́nu. Gbogbo ènìyàn ló ti sọ ọ́, ó rọrùn, ó tiẹ̀ jọ ìgbàgbọ́: ẹ ó dìde lórúkọ Jésù. Ó wò ó lójú. Ojú ẹni tó ń dúró de èèyàn láti ọjọ́ pípẹ́ ni. Ó ti ilẹ̀kùn, ó jókòó sẹ́bàá rẹ̀, ó mú ọwọ́ rẹ̀.

"Rárá," ó ní. "Dókítà ti sọ fún mi láti Tọ́sìdeè. Ẹ ò ní dìde, olówó orí mi."

Ó mí kanlẹ̀, èjìká rẹ̀ sì rọ̀.

"O ṣé," ó ní. "Mo ti ń rò pé èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n."

Ẹkún gbọn Oyèbọ́lá jìgìjìgì. Ọkọ rẹ̀ fi agbára díẹ̀ tó kù sún mọ́ ògiri, ó ṣe àyè fún un lórí bẹ́ẹ̀dì tóóró náà, ó sì fọwọ́ tẹ ibẹ̀. Oyèbọ́lá bọ́ bàtà, ó dùbúlẹ̀ tì í. Wọ́n wà bẹ́ẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Àlejò mìíràn ni, ohùn rẹ̀ dùn, ó ń pariwo láti ìta pé, "Ẹ kúulé o! Ṣé ara bàbá ti yá?"

Oyèbọ́lá kò dìde. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Kò yá o," ó dáhùn láti inú yàrá. "Ẹ wọlé, ẹ wá bá wa jókòó."